Omi Olúmirin àti Ìtàn Ìlú Wa

Láti ọ̀nà jíjìn ni àlejò ti ń wá wo omi Olúmirin ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, ṣùgbọ́n bí àlejò bá bi ọmọ ìlú ní ìtàn rẹ̀, ẹlòmíràn a máa wolẹ̀. Èyí ni ó mú kí a kọ ìwọ̀nba díẹ̀ yìí sílẹ̀.

Àwọn àgbà sọ pé láti Ilé-Ifẹ̀ ni àwọn baba ńlá wa ti ṣí wá, àti pé obìnrin kan tí ń jẹ́ Akínlà, ọmọ-ọmọ Odùduwà, ni ó kọ́kọ́ rí omi náà nínú igbó. Bí ó ti ń ru gùdù láti orí àpáta, ẹ̀rù ba obìnrin náà. Ó ṣebí òrìṣà mìíràn ni. Láti inú èyí ni wọ́n ti fa orúkọ Olúmirin yọ.

Àwọn ìwé kan kọ ọ́ pé ní ọdún 1140 ni. A kò bá ẹnikẹ́ni jà, ṣùgbọ́n láyé ìgbà náà àwọn baba wa kì í ka ọdún báyìí. Oríkì, orin àti ẹnu àgbà ni ìwé wọn. Bí a bá di ọdún kan ṣoṣo mú, tí a kò sì bi àwọn àgbà mọ́, èèpo ni a mú, a sọ iṣu nù.

Ìpele méje ni omi náà ní. Ọmọdé lè dé ti ìsàlẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ dé ìkeje yóò fi ọwọ́ di gbòǹgbò igi mú láàrin àpáta. Òkúta òkè náà le, omi kò tètè jẹ ẹ́. Nítorí náà ni omi ṣe ń já lulẹ̀. Igbó ni ó ń mú kí òjò wọ inú ilẹ̀, tí ilẹ̀ fi ń tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Bí a bá gé igi orí òkè tán, omi yóò ya wá lákòókò òjò, yóò sì fà lẹ́ẹ̀rùn.

Nítorí náà, ohun méjì ni a ń bẹ̀bẹ̀ fún: kí olúkúlùkù kọ ọ̀rọ̀ àgbà ilé rẹ̀ sílẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú, kí a sì dá igbó òkè sí. Odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ. Kí tiwa má gbẹ o.