Ìdérí Ìgò Kan fún Ihò Kan: Ìtàn Jéró àti Ilẹ̀ Tó Ti Ṣá

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí dípò kí ẹ gbọ́ ọ, bóyá nítorí dátà ni o, bóyá nítorí ariwo inú dánfó ni o, ẹ kú ìjókòó.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ìdí fúrá. Ìyá kan wà ní ìkóríta tó wà nítòsí ilé wa tó máa ń ta fúrá àti wàrà nínú igbá. Lọ́jọ́ kan mo débẹ̀, mo rí i pé fúrá ti kéré sí i, owó rẹ̀ sì ti lọ sókè. Mo ní, "Màmá, kí ló dé?" Ó ní jéró ti wọ́n. Mo ní, "Ṣé òjò ò rọ̀ lókè lọ́hùn-ún ni?" Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín. "Òjò rọ̀, ọmọ mi. Ilẹ̀ ló ti rẹ̀."

Ọ̀rọ̀ yẹn kò kúrò lọ́kàn mi. Mo lọ kàwé nípa rẹ̀, mo sì rí i pé ó gba àwọn ìjọba àti àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì lọ́dún púpọ̀ kí wọ́n tó gba ohun tí màmá yẹn fi ẹnu kan sọ. Ìtàn náà la fẹ́ sọ lónìí, orílẹ̀-èdè Niger la sì ń lọ, aládùúgbò wa tó wà lókè Sókótó àti Kàtsínà.

Fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n: jéró yàtọ̀ sí ọkà bàbà, ó sì yàtọ̀ sí àgbàdo. Hóró rẹ̀ kéré, orí rẹ̀ rí gbọọrọ, òun ni wọ́n fi ń ṣe fúrá, wọ́n sì ń fi ṣe kúnú. Níbi tí òjò ọdún kan kò ju mìlímítà 300 sí 600 lọ, tí àgbàdo á ti gbẹ dànù, jéró máa ń yè. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé òun ni olórí oúnjẹ ní Niger. Ṣùgbọ́n ohun tí àgbẹ̀ ń rí lórí hẹ́kítà kan níbẹ̀, ìyẹn ilẹ̀ tó fi díẹ̀ ju pápá bọ́ọ̀lù kan lọ, kì í sábà ju kílò 400 sí 500 lọ. Ní oko ìwádìí ní orílẹ̀-èdè kan náà, lábẹ́ oòrùn kan náà, wọ́n ti rí ju kílò 1,000 lọ. Kí ló wà láàárín àwọn méjèèjì?

Láyé àtijọ́, ìsinmi ni ajílẹ̀ àgbẹ̀ ibẹ̀. Wọ́n á dáko síbì kan fún ọdún mélòó kan, bí ilẹ̀ bá ti ń ṣá, wọ́n á fi í sílẹ̀ kí koríko àti igi gbà á, wọ́n á sì lọ sí ibòmíràn. Ó lè tó ọdún mẹ́wàá kí wọ́n tó padà síbẹ̀. Igi kan tún wà tí àwọn Haúsá ń pè ní gao. Igi yìí máa ń wọ́wé nígbà òjò, ó sì máa ń rúwé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Nítorí náà kì í ṣíji bo jéró, ṣùgbọ́n nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, abẹ́ rẹ̀ ni àwọn màlúù máa ń sá oòrùn sí. Lẹ́yìn ìkórè, àwọn Fúlàní darandaran á kó ẹran wọ oko, ẹran á jẹ pòròpórò, á sùn síbẹ̀, á yàgbẹ́ síbẹ̀. Àgbẹ̀ á fún darandaran ní jéró. Àdéhùn ni, kò sẹ́ni tó pàdánù.

Nígbà tí àwọn Faransé dé, wọ́n ní kí gbogbo ènìyàn san owó orí, owó sì ni wọ́n fẹ́, wọn ò fẹ́ jéró. Ẹ̀pà ni àgbẹ̀ lè tà gba owó, ẹ̀pà sì ń gba ilẹ̀. Oko ẹ̀pà bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ilẹ̀ tó yẹ kó máa sinmi. Ènìyàn náà tún ń pọ̀ sí i: nígbà tí Niger gba òmìnira lọ́dún 1960, wọn ò ju bíi mílíọ̀nù mẹ́ta lọ, lónìí wọ́n ti ju mílíọ̀nù 25 lọ. Ilẹ̀ kò bí ọmọ. Ìsinmi ọdún mẹ́wàá di ọdún mẹ́ta, ọdún mẹ́ta di òfo. Oko wọ ojú ọ̀nà ẹran, àdéhùn àgbẹ̀ àti darandaran sì bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́.

Lórí ilẹ̀ tó ti rẹ̀ báyìí ni ọ̀dá ńlá dé bá wọn, láti 1968 títí dé 1974. Ẹran kú lọ bẹẹrẹ, ebi lé ènìyàn wọ ìlú ńlá. Ní April 15, 1974, ológun kan tó ń jẹ́ Seyni Kountché gba ìjọba lọ́wọ́ Ààrẹ Hamani Diori, ọ̀rọ̀ oúnjẹ ìrànwọ́ sì wà lára ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn án. Jéró lè lé ènìyàn kúrò lórí àga o!

Gbogbo ayé ní òjò ló fà á. Òjò jẹ̀bi lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹjọ́ náà kò parí sọ́dọ̀ òjò. Lọ́dún 1982, àwọn onímọ̀ láti Mali àti Netherlands gbé ìwé kan jáde lórí koríko Sahel. Ohun tí wọ́n rí ni pé, tí a bá yọ ẹ̀gbẹ́ aṣálẹ̀ pátápátá kúrò, àìsí oúnjẹ nínú ilẹ̀ ló ń dá koríko dúró ju àìsí omi lọ. Ní àwọn ọdún 1980 yẹn kan náà, ilé ìwádìí ICRISAT ṣí ibùdó kan sí Sadoré, nítòsí Niamey. Ilẹ̀ ibẹ̀ ju ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá lọ ní yanrìn. Ohun tó ṣọ̀wọ́n jù nínú rẹ̀ ni phosphorus, èyí tí gbòǹgbò fi ń lágbára. Bí gbòǹgbò kò bá lágbára, òjò á rọ̀, omi á gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá lọ sí ìsàlẹ̀, jéró ò ní lè mu ún. Ẹ rò ó wò: òùngbẹ ń gbẹ ọ̀gbìn, omi sì ń ṣàn kọjá lábẹ́ rẹ̀.

Ẹ̀rí rẹ̀ wà nínú oko fún ojú láti rí. Ìdì jéró kan lè ga ju ènìyàn lọ, kí èyí tó wà ní ìṣísẹ̀ mélòó kan sí i má ju orúnkún lọ. Òjò kan náà ló rọ̀ sí àwọn méjèèjì. Níbi tí èyí àkọ́kọ́ wà, igi ti wà níbẹ̀ rí, tàbí òkìtì ikán, tàbí kí màlúù ti sùn síbẹ̀.

Kí ni ká ṣe? Ìdáhùn àkọ́kọ́ ni ẹ̀wà. Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀wà tí à ń jẹ yìí. Gbòǹgbò ẹ̀wà máa ń ní kókó wẹ́wẹ́ tó ń mú nitrogen láti inú afẹ́fẹ́. Jéró tí wọ́n bá gbìn lọ́dún tó tẹ̀ lé ẹ̀wà máa ń ṣe dáadáa ju jéró tó tẹ̀ lé jéró lọ. Yàtọ̀ sí nitrogen, ó tún ń dín striga kù, èpò olè tó máa ń so mọ́ gbòǹgbò jéró, tó ń fa oúnjẹ rẹ̀ mu. Ṣùgbọ́n ẹ̀wà fúnra rẹ̀ ń fẹ́ phosphorus kó tó lè ṣiṣẹ́ yìí. Àgbẹ̀ sì ní ìbéèrè tirẹ̀: bí mo bá fi gbogbo oko gbin ẹ̀wà lọ́dún yìí, kí lọmọ mi máa jẹ? Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ wọn fi ń gbin méjèèjì pọ̀ nínú oko kan náà.

Ìdáhùn kejì ni ajílẹ̀ inú àpò. Àwọn ìjọba ní kí àgbẹ̀ da á sí gbogbo oko. Ta ló lówó ẹ̀? Bí ó bá sì yá owó rà á, tí òjò wá já a kulẹ̀, gbèsè ló kórè. Nígbà tó di ìparí àwọn ọdún 1990, ICRISAT àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ wọn yí ìbéèrè náà padà: èló ló kéré jù tí jéró nílò, ibo ló sì yẹ kó wà? Ìdérí ìgò ẹlẹ́rìndòdò kan ni ìdáhùn. Gíráàmù mẹ́fà ajílẹ̀ NPK nínú ihò kan, nígbà ìgbìn. Bí ihò bá jẹ́ 10,000 lórí hẹ́kítà kan, kílò 60 péré nìyẹn. Ní Niger, Mali àti Burkina Faso, ìkórè jéró àti ọkà bàbà fi ìdá 44 dé 120 nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i. Díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà.

Ìdáhùn kẹta ti wà nílé tipẹ́. Ní Yatenga, ní Burkina Faso, àgbẹ̀ kan tó ń jẹ́ Yacouba Sawadogo tún ihò ìbílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní zaï ṣe. Ó gbẹ́ ẹ tóbi sí i nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó da ìgbẹ́ ẹran sínú rẹ̀, ikán wá a wá, wọ́n lu ilẹ̀ líle náà, omi rọ́nà wọlé. Lọ́dún 1989, àwọn àgbẹ̀ láti Illela ní Niger lọ wò ó, wọ́n sì gbé e délé. Ìgbẹ́ yìí ṣe pàtàkì, torí ajílẹ̀ oníkẹ́míkà nìkan, lọ́dọọdún, máa ń sọ ilẹ̀ yanrìn di kíkan. Ìdérí ìgò láìsí ìgbẹ́ dà bí ẹni tó ń gba owó ní báńkì tí kì í san án síbẹ̀.

Ní June 2006, àwọn olórí Áfíríkà péjọ sí Àbújá. Wọ́n ní àwọn máa gbé ajílẹ̀ láti kílò 8 lórí hẹ́kítà kan dé 50 kó tó di 2015. Ọdún 2015 dé, ó kọjá, wọn ò dé ibẹ̀. Lọ́dún 2022, tí Rọ́ṣíà gbógun wọ Ukraine, iye owó ajílẹ̀ fò sókè. Ta ló kọ́kọ́ jìyà ẹ̀? Ẹni tó ń fi ìdérí ìgò wọ̀n ọ́n.

Ẹ má sọ pé kò kàn wá. Púpọ̀ nínú ẹ̀wà tí wọ́n ń gbé láti Niger, ọjà Nàìjíríà ló ń bọ̀. Ìjà àgbẹ̀ àti darandaran tí à ń kà lórí fóònù wa, ara gbòǹgbò rẹ̀ wà nínú àdéhùn ìgbẹ́ tó fọ́ yẹn. Àwọn àgbà ní bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. Ebi ilẹ̀ ló yẹ ká kọ́kọ́ bójú tó.

Mo padà lọ ra fúrá lánàá. Mi ò bá màmá ná owó mọ́.

Ẹ fi ìtàn yìí ránṣẹ́ sí ẹnì kan tó fẹ́ràn fúrá.