Ilé Là Á Wò Ká Tó Sọ Ìgbéra Kọ̀ǹpútà Lórúkọ

Gbólóhùn kan wà tí gbogbo ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Ọ̀tígbà, ní Ìkẹjà, ti gbọ́ lẹ́nu oníbàárà rí: "Kò tàn mọ́." Ẹrù tí gbólóhùn yìí rù pọ̀ jù fún un. Ẹ̀rọ tí iná kò wọ̀ rárá, wọ́n á ní kò tàn. Èyí tí iná wọ̀, tí fáànù rẹ̀ ń yí, ṣùgbọ́n tí ojú rẹ̀ dúdú, wọ́n á ní kò tàn. Èyí tó mọ́lẹ̀ kedere, tó sì kọ ọ́ sójú pé òun kò rí ibi tí òun lè ti bẹ̀rẹ̀, kò tàn náà ni. Èyí tó dé orí àmì Windows, tó wá ń yí bírí bírí síbẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú, òun náà kò tàn. Àìsàn mẹ́rin, orúkọ kan ṣoṣo.

Nígbà tí àìsàn mẹ́rin bá ń jẹ́ orúkọ kan, àgbo kan náà ni wọn yóò máa sè fún gbogbo wọn. Lẹ́nu iṣẹ́ yìí, fọ́máàtì ni àgbo ọ̀hún: wọ́n á nu gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀rọ, wọ́n á tún fi Windows tuntun sí i. Fọ́tò ìgbéyàwó, àkọsílẹ̀ ọjà, iṣẹ́ ìwádìí akẹ́kọ̀ọ́ tó ku ọ̀sẹ̀ kan kó fi sílẹ̀, gbogbo rẹ̀ á bá omi lọ, bẹ́ẹ̀ fáìlì kékeré mélòó kan péré ni kò sí níbi tó yẹ kó wà. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ ṣíṣẹ̀dá fi jẹ mí lógún. Mo gbà pé ọ̀rọ̀ tí a bá ṣe fún iṣẹ́ kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ lè fi ọwọ́ sọ ibi tó ń dun ẹ̀rọ. Bí kò bá lè ṣe èyí, adùn létí lásán ni.

Iṣẹ́ ọ̀rọ̀ ṣíṣẹ̀dá kì í ṣe tuntun fún Yorùbá. Ní 1984, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olótùú apá kìíní ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládélé Awóbùlúyì ṣe olótùú apá kejì ní 1990. Àwọn tó ń kọ́ni ní èdè àti lítíréṣọ̀ ni ìwé kìíní ń bá sọ̀rọ̀. Lónìí, nínú ìwé gírámà wa, ọ̀rọ̀-orúkọ tí a ṣẹ̀dá àti fóníìmù tí a yá jọ ń gbé pọ̀ láìjà, nítorí pé àwọn tó sọ wọ́n lórúkọ mọ inú ilé gírámà dáadáa. Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ. Kí a wọ inú ilé kọ̀ǹpútà náà, kí a wo bí ó ṣe ń dìde, kí a tó fún un ní orúkọ kankan.

Ìṣòro kan tó wọ́pọ̀ ni n ó fi ṣe àpẹẹrẹ. Láti ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025 tí Microsoft ti ṣíwọ́ àtìlẹ́yìn ọ̀fẹ́ tó máa ń ṣe fún Windows 10, ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń tún ẹ̀rọ wọn tò. Ẹnì kan ra SSD láti fi rọ́pò háàdì àtijọ́ rẹ̀, ó so ó mọ́ inú kọ̀ǹpútà rẹ̀, ṣùgbọ́n kò yọ háàdì àtijọ́ kúrò. Ó fi Windows sórí SSD yìí, ohun gbogbo ń lọ geerege, ẹ̀rọ ń sáré ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Lẹ́yìn ìyẹn ló yọ háàdì àtijọ́, bóyá kó lè tà á, bóyá kó lè fi ta ọmọ lọ́rẹ. Ó tẹ bọ́tìnì, iná tàn, ẹ̀rọ sì ní òun kò rí ohun tí òun lè fi bẹ̀rẹ̀. Windows tuntun ṣì wà lórí SSD, kò sí fáìlì rẹ̀ kan tó sọnù. Kí ló wá ṣẹlẹ̀?

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí a nílò ni èyí tí yóò ya títàn kúrò lára ohun tó tẹ̀ lé e. Iná wọ ẹ̀rọ, fáànù yí, ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀: kí títàn parí síbẹ̀. Ohun tó kàn ni kí ẹ̀rọ wá ètò tí yóò darí rẹ̀, kó kà á sínú ìrántí, kó sì fa ara rẹ̀ lé e lọ́wọ́. Orúkọ tí Òyìnbó ń pe èyí, búùtù, wá láti inú àwòrán ẹni tó fa okùn bàtà ara rẹ̀ títí tó fi gbé ara rẹ̀ sókè. Ní tiwa, ọ̀rọ̀ náà ti wà nílẹ̀ tipẹ́: gbéra, ìyẹn ni pé kí nǹkan gbé ara rẹ̀. Arìnrìn-àjò ń gbéra nílé, bàálù ń gbéra sọ, ẹni tí àìsàn dá dùbúlẹ̀ ń gbéra nílẹ̀. Kọ̀ǹpútà náà ń gbéra.

Àwọn kan á ní kí a lo jíjí. N kò gbà, nítorí jíjí ti ní iṣẹ́ tirẹ̀. Bí ènìyàn bá pa ìdérí láptọ́ọ̀pù dé, ẹ̀rọ sùn; bó bá ṣí i, ẹ̀rọ jí, gbogbo iṣẹ́ tó ṣí sílẹ̀ tẹ́lẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Ẹ̀rọ tó lè jí lójú oorun lè má lè gbéra bí wọ́n bá pa á pátápátá. Ẹ rí i pé ohun méjì ni, wọn kò sì lè jẹ́ orúkọ kan. Nígbà tí a bá ti ya títàn, gbígbéra àti jíjí sọ́tọ̀, ìbéèrè tí atúnṣe yóò bi oníbàárà á yé àwọn méjèèjì: "Ẹ má bínú, Mà, ṣé kò tàn ni, àbí ó tàn ṣùgbọ́n kò gbéra?" Ìdáhùn sí ìbéèrè yìí nìkan lè gba fọ́tò ọdún mẹ́wàá là.

Ọ̀rọ̀ kejì ni ti ibi tí nǹkan ń gbé. Mo ti rí àwo líle nínú ìwé, ó sì bá háàdì àtijọ́ mu, nítorí àwo ló wà nínú rẹ̀ lóòótọ́, tó ń yí. Ṣùgbọ́n SSD kò ní àwo kankan, kò sí ohun tó ń yí níbẹ̀. Orúkọ tí yóò gba méjèèjì mọ́ra gbọ́dọ̀ sọ iṣẹ́ wọn, kó fi bí wọ́n ṣe rí sílẹ̀. Mo fara mọ́ àká, ibi tí àgbẹ̀ ń kó àgbàdo pamọ́ sí. Àwọn onímọ̀ èdè pàápàá ti ń sọ̀rọ̀ nípa àká-ọ̀rọ̀. Háàdì jẹ́ àká, SSD jẹ́ àká, fíláàṣì náà jẹ́ àká. Orúkọ tí ọjà ń pe ọ̀kọ̀ọ̀kan kò yí padà, ṣùgbọ́n a ti ní orúkọ ìdílé wọn. A lè pín àká kan sí ìpín méjì, mẹ́ta, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìpín sì ni ọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni tó bá ti jogún ilẹ̀ rí yóò gbọ́ lẹ́ẹ̀kan.

Ní báyìí, ta ni ó ń ṣí àká? Ètò kan wà lórí bọ́ọ̀dù kọ̀ǹpútà láti ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe é. Wọ́n ń pe ti àtijọ́, tó bá kọ̀ǹpútà IBM wáyé ní 1981, ní BIOS. Èyí tó wà lóde báyìí ni UEFI, tí àjọ tó ń bójú tó o bẹ̀rẹ̀ ní 2005. Kí BIOS àti UEFI máa jẹ́ orúkọ wọn lọ, nítorí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń hàn lójú ẹ̀rọ. Ẹ̀yà tí àwọn méjèèjì jẹ́ ni mo fẹ́ pè ní ètò àbímọ́, nítorí ó bá ẹ̀rọ wá ni. Ètò àbímọ́ kò mọ Windows. Nínú ẹ̀rọ UEFI, ohun tó ní lọ́wọ́ ni àkọsílẹ̀ ọ̀nà: àká wo, ìpín wo, fáìlì wo. Ó ń lọ síbẹ̀, ó ń ké sí fáìlì náà, fáìlì náà ló sì ń lọ gbé Windows tàbí Linux dìde. Iṣẹ́ fáìlì yìí ni láti mú ẹ̀rọ gbéra. Bí a ṣe ní amóhùnmáwòrán, a lè ní amẹ́rọgbéra. Ọ̀rọ̀ náà gùn díẹ̀, àmọ́ kò sí ẹni tó gbọ́ Yorùbá tí yóò bi wá pé kí ni iṣẹ́ rẹ̀.

Ibi tí amẹ́rọgbéra ń gbé nínú ẹ̀rọ UEFI ni ìpín kékeré kan, megabáìtì 100 péré ni Windows sábà máa ń fún un, tí a ṣe ní FAT32. Ẹ jẹ́ kí a pè é ní ìpín ìgbéra. Windows kì í fún un ní lẹ́tà irú C, nítorí náà ẹni tó ń wo fáìlì rẹ̀ kì í rí i. Ibí ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Nígbà tí ẹni tó ra SSD ń fi Windows sí i, ètò ìfisí wo inú kọ̀ǹpútà, ó rí i pé ìpín ìgbéra kan ti wà lórí háàdì àtijọ́, ó sì kó amẹ́rọgbéra tuntun síbẹ̀. Windows wà lórí àká tuntun, amẹ́rọgbéra rẹ̀ wà lórí àká àtijọ́. Ọjọ́ tí àká àtijọ́ jáde, àkọsílẹ̀ ọ̀nà di èyí tí kò débì kan mọ́.

Ẹ wo ohun tí ẹ̀rọ máa ń kọ sójú ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀: lédè Gẹ̀ẹ́sì, ó ní kò sí ohun èlò tí òun lè ti gbéra. Ẹni tó ka èyí á rò pé SSD ti bàjẹ́, á sì gbé e padà lọ bá ẹni tó tà á. Bí a bá fẹ́ kọ ọ́ ní Yorùbá, ẹ má jẹ́ kí a túmọ̀ àṣìsọ náà wọlé. Kí ẹ̀rọ sọ pé: "Mi ò rí amẹ́rọgbéra nínú àká kankan." Ẹni tó ka gbólóhùn yìí á bèèrè ibi tí amẹ́rọgbéra wà kẹ́yìn, bó bá sì bèèrè, ó ti rìn dé ìdajì àtúnṣe.

Àtúnṣe náà rèé, ní èdè tí ọmọ iṣẹ́ lè tẹ̀ lé. Fi fíláàṣì tí Windows wà nínú rẹ̀ gbé ẹ̀rọ dìde. Tẹ Shift àti F10 pọ̀ kí ojúlé àṣẹ, ibi tí a ti ń kọ àṣẹ fún ẹ̀rọ, ṣí. Gé megabáìtì 200 kúrò lára ìpín Windows. Fi àyè yẹn dá ìpín ìgbéra, ṣe é ní FAT32, fún un ní lẹ́tà S. Yẹ̀ ẹ́ wò bóyá C ni Windows ń jẹ́ níbẹ̀, nítorí lẹ́tà lè yí padà. Lẹ́yìn náà, kọ àṣẹ yìí: bcdboot C:\Windows /s S: /f UEFI. Yóò kó amẹ́rọgbéra láti inú Windows wá sínú ìpín ìgbéra, yóò sì fi í síbi tí ètò àbímọ́ yóò ti rí i. Yọ fíláàṣì, kí ẹ̀rọ tún gbéra. Ìpín kékeré tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ dá nìkan ni a ṣe fọ́máàtì. Kò sí fọ́tò ẹnikẹ́ni tó sọnù.

Ẹ ó rí i pé mi ò fọwọ́ kan bcdboot. Òfin tí mo ń tẹ̀ lé nìyí: ohun tí ẹ̀rọ ń kà, kí ó dúró bí ẹ̀rọ ṣe mọ̀ ọ́n, ohun tí ènìyàn ń kà, kí ó jẹ́ Yorùbá. Àṣẹ, orúkọ fáìlì, lẹ́tà ìpín, ti ẹ̀rọ ni wọ́n. Bí a bá yí àmì kan padà nínú wọn, iṣẹ́ bàjẹ́.

Fún ẹ̀rọ BIOS àtijọ́, ọ̀nà yàtọ̀, ọ̀rọ̀ sì gbọ́dọ̀ yàtọ̀. Báìtì 512 tó wà ní ìbẹ̀rẹ̀ àká gan-an ni BIOS ń kà: 446 jẹ́ ètò, 64 jẹ́ àkọsílẹ̀ ìpín mẹ́rin, 2 tó kù jẹ́ àmì ìdánilójú. Orúkọ Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀, tí wọ́n ń gé kúrú sí MBR, fi í ṣe ọ̀gá. Bí a bá túmọ̀ ọ̀gá yẹn, kò sọ ohunkóhun fún wa. Ojú-ìwé kìíní àká sọ ibi tó wà, ó sì sọ fún ọmọ iṣẹ́ pé bí ó bá ya, ibẹ̀ ni kó wò, kó fi ojú-ìwé yòókù sílẹ̀. Lórí Linux, ohun mìíràn tó lè dí ìgbéra lọ́wọ́ ni pé wọ́n da ẹ̀dà àká kan kọ sórí òmíràn, ìpín méjì wá ń jẹ́ UUID kan náà. Nọ́ńbà ìdánimọ̀ ni UUID, àwọn ará Nàìjíríà sì ti mọ ìtumọ̀ nọ́ńbà ìdánimọ̀ dunjú: ẹni méjì kò gbọdọ̀ ní ọ̀kan náà.

Ẹnì kan lè sọ pé búùtù ti wà lẹ́nu àwọn oníṣẹ́, kí ló dé tí a ń yọ ara wa lẹ́nu? Òótọ́ ni pé ó wà lẹ́nu wọn, ẹni tó bá ń sọ ọ́ kò ṣẹ̀. Fáìlì, fọ́máàtì àti fíláàṣì ti di ọmọ ilé, n kò ní kí ẹnikẹ́ni lé wọn jáde. Ṣùgbọ́n gbéra ń bímọ: ìgbéra, àìgbéra, àtúngbéra, ìpín ìgbéra, amẹ́rọgbéra. Ẹni tó mọ ìyá mọ àwọn ọmọ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kọ́ ọ. Ẹni tó mọ búùtù kò tíì mọ ju búùtù lọ, wọn yóò tún yá àwọn ọ̀rọ̀ yòókù fún un, yóò sì há ọ̀kọ̀ọ̀kan sórí.

Ohun tó kù kì í ṣe iṣẹ́ ẹnì kan. Àwọn olùkọ́ èdè mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe ń so mọ́ ọ̀rọ̀. Àwọn oníṣẹ́ mọ ibi tí ẹ̀rọ ti ń dákú. Kí àwọn méjèèjì jókòó pọ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù, kí wọ́n tú ẹ̀rọ kan palẹ̀, kí wọ́n máa sọ ohun tí wọ́n ń ṣe ní Yorùbá láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ọ̀rọ̀ tí ọmọ iṣẹ́ bá gbọ́ tó sì mọ ibi tí yóò na ọwọ́ sí, kí a kọ ọ́ sílẹ̀. Èyí tó bá ní láti tún bèèrè ìtumọ̀ rẹ̀ kó tó lè ṣiṣẹ́, kí a yọ ọ́ kúrò, yálà èmi ni mo dá a tàbí ẹlòmíràn.