Bátìrì Kejì: Ìtàn Ohùn Tó Gun Mọ́tò

Kí ohùn tó gun mọ́tò, ẹsẹ̀ ló fi ń rìn. Ní ilẹ̀ Yorùbá, akéde á lu agogo yí ìlú ká. Ní ilẹ̀ Haúsá, mai shela ló ń kéde ohun tí ààfin wí. Lọ́dọ̀ àwọn Akan ní Gánà, agogo tí wọ́n ń pè ní dawuro ni wọ́n ń lù kí gbogbo etí lè ṣí. Ibi tí ọ̀fun akéde bá mọ, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ mọ. Mo fẹ́ sọ bí ohùn ṣe sọ̀ kalẹ̀ lẹ́sẹ̀ tó bọ́ sínú ọkọ̀, nítorí pé ohun kan wà nídìí ìtàn náà tí a kì í kà sí: bátìrì. Bí a bá ń sọ ìtàn rédíò àti òṣèlú ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ẹni tó sọ̀rọ̀ la máa ń dárúkọ. A kì í bèèrè ibi tí ohùn rẹ̀ ti rí agbára, bẹ́ẹ̀ ni a kì í bèèrè ẹni tó san gbèsè rẹ̀.

Bátìrì olójé tó wà nínú mọ́tò wa ti pẹ́ láyé. Ará Faransé kan, Gaston Planté, ló ṣe é ní 1859: òjé tí wọ́n rì sínú ásíìdì. Mọ́tò fúnra rẹ̀ kò tíì sí nígbà náà. Nígbà tí mọ́tò sì dé, ọwọ́ ni wọ́n fi ń yí irin níwájú rẹ̀ kí ẹ́ńjìnnì tó dìde, irin ọ̀hún a sì máa ṣẹ́ni lápá. Mọ́tò Cadillac ti ọdún 1912 ní Amẹ́ríkà ló kọ́kọ́ sọ sítátà oníná di nǹkan gidi, iṣẹ́ ọwọ́ Charles Kettering. Láti ìgbà náà ni bátìrì ti di ará ilé nínú ọkọ̀. Iṣẹ́ kan pàtó ni wọ́n gbé lé e lọ́wọ́: kó tú agbára ńlá jáde fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ kí ẹ́ńjìnnì lè jí, kí dáínámò sì dá ohun tó ná padà fún un. Kò sí ẹni tó ní kó máa kọrin.

Ní ọjọ́ 31 oṣù Keje 1935, ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ ilé-iṣẹ́ rédíò ZOY ní Accra. Ní oṣù Kejìlá ọdún kan náà, ti Èkó tẹ̀lé e. Ohùn tí wọ́n gbà láti London ni wọ́n ń fi wáyà pín dé inú àpótí tó wà nílé àwọn tó lè san owó oṣooṣù. Ibi tí wáyà bá dé ni ọ̀rọ̀ dé. Abúlé kò sí nínú ìṣirò. Ọkọ̀ ni wọ́n fi dí àlàfo yẹn. Lẹ́yìn tí wọ́n dá Colonial Film Unit sílẹ̀ ní 1939, ọkọ̀ sinimá ń wọ ìgbèríko Nàìjíríà àti Gold Coast pẹ̀lú aṣọ funfun, ẹ̀rọ fíìmù, jẹ̀nẹ́rétọ̀ àti sípíkà. Ògbufọ̀ á di gbohùngbohùn mú, á máa ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ogun àti ìmọ́tótó ní èdè àwọn tó wá wòran. Ọ̀nà kan ṣoṣo ni ọ̀rọ̀ ń gbà: ìjọba ń sọ, ará oko ń gbọ́.

Àwọn olóṣèlú ló kọ́kọ́ gba ohùn náà lọ́wọ́ ìjọba. Nígbà tí Kwame Nkrumah dá ẹgbẹ́ CPP sílẹ̀ ní oṣù Kẹfà 1949, mọ́tò ìpolongo tó ní sípíkà lórí wà lára ohun ìjà ẹgbẹ́ náà. Ní ìdìbò 1951, inú ẹ̀wọ̀n ni Nkrumah wà, síbẹ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ ló borí. Wọ́n ti ènìyàn mọ́lé, wọn kò rí ohùn ẹgbẹ́ rẹ̀ tì. Ní Nàìjíríà, nígbà tó fi máa di 1959, Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ti ń fi hẹlikọ́pítà polongo. Ṣùgbọ́n hẹlikọ́pítà kì í ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni lè rà. Mọ́tò àti bátìrì ni tiwa.

Ohun tó sọ wọ́n di tiwa ni transistor, tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà ní 1947. Gílóòbù onígíláàsì ni rédíò àti áńpílífáyà ń lò ṣáájú rẹ̀, iná tó sì ń fẹ́ pọ̀ ju èyí tí bátìrì mọ́tò lè fún un tààràtà lọ. Wọ́n ní láti kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ mìíràn gbé iná náà ga. Transistor kò béèrè gbogbo wàhálà yẹn. Fólítì 12 tó fún un. Bí áńpílífáyà kéékèèké ṣe ń wọ́pọ̀, ohùn bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí kò ní ẹgbẹ́ òṣèlú, tí kò sì ní ìjọba. Oníwàásù gbé e. Ẹni tó ń ta oògùn jẹ̀dí gbé e, nítorí ìpolówó ọjà ni àgúnmu òwò. Títí di òní, ọ̀pọ̀ áńpílífáyà mọ́ṣáláṣí àti ṣọ́ọ̀ṣì ló ní ojú ibi méjì tí iná ń gbà wọ̀ ọ́: ti iná ìjọba, àti ti bátìrì fún ìgbà tí iná ìjọba kò bá sí.

Ibẹ̀ ni bátìrì kejì ti wọ ìtàn. Bátìrì tó ń jí ẹ́ńjìnnì kò lè ṣe iṣẹ́ ìwàásù pẹ́. Òjé inú rẹ̀ fẹ́lẹ́. Eré kúkúrú ló mọ̀, kò mọ ìrìn jíjìn. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Bí áńpílífáyà bá ń fa áńpì 15 láìsinmi, tí bátìrì sì jẹ́ oní-75, tí a kò fẹ́ ná ju ìdajì rẹ̀ lọ kó má baà bàjẹ́, wákàtí méjì ààbọ̀ péré la ní. Ọjà Bida tàbí Gboko kì í tú láàárín wákàtí méjì ààbọ̀. Oníṣòwò tó pa ẹ́ńjìnnì, tó ń fi bátìrì kan ṣoṣo pariwo, á ta oògùn rẹ̀ tán, á sì máa bẹ àwọn tó rà á pé kí wọ́n bá òun ti ọkọ̀.

Ọgbọ́n réwáyà ni pé kí a ya ohùn sọ́tọ̀ kúrò lára ìrìn. Wọ́n á gbé bátìrì kejì sínú ọkọ̀, wọ́n á so ó mọ́ ti àkọ́kọ́ pẹ̀lú wáyà tó nípọn, wọ́n á fi fíúsì sí ìtòsí bátìrì kọ̀ọ̀kan kí wáyà má baà gbiná, wọ́n á sì fi riléè sí àárín. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, riléè á pa méjèèjì pọ̀ kí wọ́n jọ gba iná. Bí ẹ́ńjìnnì bá kú, á já wọn sọ́tọ̀. Áńpílífáyà lè fa ti kejì gbẹ; ti àkọ́kọ́ ṣì wà tí yóò gbé wa dé ilé. Mo ka ọgbọ́n yìí sí ìtàn gidi. Òun ló jẹ́ kí ẹni tí kò lágbára ìjọba lè sọ̀rọ̀ ní ìlú onílùú, kó sì lè padà.

Ṣùgbọ́n bátìrì a máa kú, òjé inú rẹ̀ kì í sì bá a kú. Ní Thiaroye-sur-Mer, lẹ́bàá Dakar ní Sẹ̀nẹ́gàl, ọjọ́ pẹ́ tí wọ́n ti ń fọ́ bátìrì mọ́tò tó ti kú láti yọ òjé rẹ̀ tà. Òjé wọ inú iyanrìn àdúgbò náà. Nígbà tí òjé di ohun tó lówó lórí, àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í jọ iyanrìn ọ̀hún láti ṣa èyí tó kù, wọ́n sì ń gbé e wọlé. Láàárín oṣù Kọkànlá 2007 sí oṣù Kẹta 2008, ọmọdé 18 kú níbẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé wá ṣèwádìí, wọ́n sì rí òjé nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn ìyá àti àwọn àbúrò àti ẹ̀gbọ́n àwọn tó kú. Àjọ kan náà ló sọ pé kò sí ìwọ̀n òjé tí a lè pè ní èyí tí kò léwu nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọdé.

Mi ò sọ pé kí a pa ohùn mọ́ ọkọ̀ lẹ́nu. Mi ò sì sọ pé kí a lé àwọn tó ń ra bátìrì kọ́ńdẹ̀mù kúrò ní títì, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń jẹun, òjé inú bátìrì sì ṣeé tún lò ní ilé-iṣẹ́ tó bá ní ohun èlò tó yẹ. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí ẹni tó ta tuntun fún wa jẹ́ ẹni tí òfin kàn nípá láti gba àlòkù padà, kí iye tó máa ná an sì ti wà nínú owó tí a san. Bátìrì kejì ń pọ̀ sí i, pàápàá nísinsìnyí tí ìnfátà àti sólà ti wọ ilé wa.

Àwọn tó ń ra bátìrì kọ́ńdẹ̀mù náà ti ń fi sípíkà polówó báyìí. Bí ẹ bá gbọ́ wọn ládùúgbò yín, kí ẹ tó gbé bátìrì jáde, ẹ bèèrè ibi tí wọ́n ń gbé e lọ, àti bóyá ọmọdé ń ṣeré nítòsí ibẹ̀.