Kókó Inú Ìfun: Àrùn Tí Wọ́n Ní Kì í Ṣe Tiwa

Nígbà kan rí, ìgbàgbọ́ ọ̀pọ̀ oníṣègùn ni pé jẹjẹrẹ ìfun ńlá kì í ṣe àrùn ará Áfíríkà. Denis Burkitt, oníṣẹ́-abẹ ọmọ Ireland tó ti ṣiṣẹ́ ní Uganda, kọ ọ́ lọ́dún 1971 pé oúnjẹ wa tí kì í pẹ́ nínú ló ń dáàbò bò wá. Lọ́dún 1975, A. O. Williams ti Ìbàdàn àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ fi kókó ìfun àwọn ọmọ Nàìjíríà wé ti àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà. Irú kókó tó lè di jẹjẹrẹ kò wọ́pọ̀ níbí bí ó ti wọ́pọ̀ lọ́hùn-ún. Ọ̀rọ̀ Burkitt sì dà bí òótọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kìkì ẹni tó bá dé ilé ìwòsàn ni wọ́n lè kà.

Ibi tí kókó ti ń bẹ̀rẹ̀ kéré ju ohun tí ojú lè rí lọ. Kòtò wínníwínní ló kún ara awọ inú ìfun ńlá. Ìsàlẹ̀ kòtò ni sẹ́ẹ̀lì tuntun ti ń jáde. Wọn a máa gun òkè bọ̀, láàárín bí ọjọ́ márùn-ún, wọn a kú, wọn a sì bá ìgbẹ́ lọ. Jíìnì tí wọ́n ń pè ní APC wà lára ohun tí ń dá wọn dúró kí wọ́n má pọ̀ jù. Bí ó bá bàjẹ́, sẹ́ẹ̀lì kò ní mọ ìgbà tó yẹ kó ṣíwọ́: kòtò á wú, kókó á yọ. Kókó náà lè lo ọdún mẹ́wàá kó tó di jẹjẹrẹ. Ọ̀pọ̀ kò tilẹ̀ ní dà á láéláé. Eric Fearon àti Bert Vogelstein to ìgbésẹ̀ wọ̀nyí lẹ́sẹẹsẹ ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1990. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n rí jíìnì APC gan-an.

Ilé-Ifẹ̀ ni wọ́n ti wá yẹ̀ ẹ́ wò lára tiwa. Lọ́dún 2021, Olusegun Alatise, pẹ̀lú àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ níbẹ̀ àti ní Memorial Sloan Kettering ní New York, gbé àbájáde ìwádìí jáde. APC tó bàjẹ́ kò pọ̀ lára jẹjẹrẹ àwọn ọmọ Nàìjíríà tó ti Amẹ́ríkà. Ṣùgbọ́n nínú nǹkan bí 28 nínú 100, àwọn jíìnì tí ń tún àṣìṣe ṣe nígbà tí sẹ́ẹ̀lì bá ń pín sí méjì ni iṣẹ́ wọn ti dẹnu kọlẹ̀. Lára ẹni tó bá jogún irú àbùkù bẹ́ẹ̀, kókó kì í dúró dọdún mẹ́wàá; ó lè di jẹjẹrẹ kó tó pé ọdún mẹ́ta.

Ẹ̀jẹ̀ inú ìgbẹ́ sì ni àmì tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń rí. Jẹ̀díjẹ̀dí ni wọ́n ń pè é, àgbo ni wọ́n sì ń mu sí i, oṣù lórí oṣù, kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ dókítà tí yóò fi awò wo inú ìfun.