Àwọn ẹ̀rọ tó ń wá jẹjẹrẹ ọyàn rí, àti ibi tí agbára ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ

Kókó jẹjẹrẹ inú ọyàn kì í sábà dunni níbẹ̀rẹ̀, ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ obìnrin fi ń fojú fò ó dá. Ní ọdún 2022, gẹ́gẹ́ bí ìṣirò àjọ ìlera àgbáyé, WHO, mílíọ̀nù 2.3 obìnrin ni àrùn náà mú, nǹkan bíi 670,000 ènìyàn ló sì pa. Àwọn ẹ̀rọ wà tó lè rí i kí ó tó tàn ká, ṣùgbọ́n iṣẹ́ wọn kò dọ́gba.

Mámógíráàmù ni àgbà wọn. Ẹ́síréè ni: wọn a tẹ ọyàn pẹrẹsẹ, wọn a sì ya àwòrán inú rẹ̀. Albert Salomon, oníṣẹ́ abẹ ní Berlin, ló kọ́kọ́ fi ẹ́síréè yẹ ọyàn tí wọ́n ti gé kúrò wò ní 1913. Ní 2011, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí irú rẹ̀ tó ń ya ọyàn ní ìpele-ìpele.

Obìnrin tó ti lé ní 50 ọdún ni mámógíráàmù wúlò fún jù. Nínú àwòrán rẹ̀, jẹjẹrẹ a máa funfun, ẹran ọyàn tó ki náà a sì máa funfun. Ọyàn ọ̀dọ́bìnrin ló sábà ń ki. Bẹ́ẹ̀, ìwádìí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúfúnmiláyọ̀ Ọlópàdé àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní Ìbàdàn fi hàn pé àrùn yìí ń mú ọ̀pọ̀ obìnrin ilẹ̀ wa kí wọ́n tó pé 50 ọdún.

Sikáànì, irú èyí tí wọ́n fi ń wo aboyún, ló ń dí àlàfo yìí. Ìró ló ń lò, ó sì ń fi ìyàtọ̀ hàn láàárín kókó líle àti àpò omi lásán. MRI, tó ń lo òòfà ńlá àti oògùn tí wọ́n ń fà sí iṣan, ló ń ríran jù, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ ga. Àwọn tí jẹjẹrẹ ọyàn wà nínú ìdílé wọn ni wọ́n sábà ń ní kí wọ́n ṣe é.

Síbẹ̀, àwòrán kì í dá ẹjọ́ náà tán. Abẹ́rẹ́ ni wọ́n fi ń bu ẹran díẹ̀ nínú kókó náà lọ fún àyẹ̀wò. Ní ilé-ìwòsàn OAUTHC, Ilé-Ifẹ̀, ẹgbẹ́ oníṣègùn ARGO, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2013, ti kọ́ àwọn dókítà bí a ti ń fi sikáànì tọ́ abẹ́rẹ́ yìí sọ́nà.

Nítorí náà, obìnrin tó wà ní Àjàgbà, ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀, kò gbọdọ̀ dúró de MRI kí ó tó lọ rí dókítà ní Ọ̀kìtìpupa. Bí kókó bá kàn án lọ́wọ́, tí mámógíráàmù sì ní kò sí nǹkan kan, kí ó béèrè fún sikáànì. Bí ìfura bá ṣì wà, kí ó béèrè fún abẹ́rẹ́. Kékeré la ti í pẹ̀ka ìrókò.