Ìbòòji Ilé ní Ilẹ̀ Olóoru

Ìbòòji ilé ni ohunkóhun tí kì í jẹ́ kí oòrùn ta sí ògiri tàbí kó gba ojú fèrèsé wọlé: etí òrùlé tó yọ síta, ọ̀dẹ̀dẹ̀, bùlọ́ọ̀kù oníhò, igi. Ooru tó bá ti wọlé, owó iná la fi ń lé e jáde. Ṣùgbọ́n ìbòòji náà ní gbèsè tirẹ̀, nítorí a ti jó epo láti fi ṣe símẹ́ńtì àti irin rẹ̀. Nítorí náà, láti ibi tí wọ́n ti wa ohun èlò rẹ̀ títí di ọjọ́ tí a óò wó o ló yẹ kí a ti ṣírò rẹ̀.

Ìrìn oòrùn

Ìbàdàn wà ní nǹkan bí dígírì 7 sí àríwá agbedeméjì ayé. Oòrùn ọ̀sán ibẹ̀ a máa fì sí gúúsù ní oṣù Kejìlá, a sì fì sí àríwá ní oṣù Kẹfà. Bí fèrèsé tó kọjú sí gúúsù bá ga ní mítà 1.5, ìbòrí tó yọ síta ní nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 90 ni yóò bò ó tán lọ́sàn-án gangan oṣù Kejìlá. Ti ojú àríwá kò tó ìdajì ìyẹn ní oṣù Kẹfà. Ìlà-oòrùn àti ìwọ̀-oòrùn ló le, torí pé oòrùn àárọ̀ àti ti ìrọ̀lẹ́ a máa gba abẹ́ ìbòrí wọlé.

Gbèsè àti èrè

Bí ìbòrí oní sẹ̀ǹtímítà 90 yẹn bá jẹ́ ti kọnkéré, tó fẹ̀ ní mítà 2, tó sì nípọn ní sẹ̀ǹtímítà 10, yóò wúwo tó kílò 430. Láìka irin inú rẹ̀, ṣíṣe rẹ̀ ń tú nǹkan bíi kílò 50 afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù jáde, bí ìgbà tí ènìyàn jó bẹntiróòlù lítà 22 nínú jẹnẹrétọ̀. Ní ilé tó ń fi jẹnẹrétọ̀ tan ẹ̀rọ amúlétutù, bí ìbòrí náà bá ti dín lítà 22 kù nínú epo tí wọ́n ń rà, gbèsè ti tán. Ìyókù ọdún tó bá lò, èrè ni. Gbèsè álúmíníọ̀mù tuntun ga jù bẹ́ẹ̀ lọ: kílò kan rẹ̀ sábà máa ń tú ju kílò 10 afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù jáde. Èyí tí a tún yọ́ láti ara àlòkù ń lo bí ìdá 5 péré nínú 100 agbára tí tuntun ń gbà. Gbèsè pákó àti ọparun kéré, àmọ́ bí ikán bá ń jẹ wọ́n, pípààrọ̀ wọn wà nínú ìṣirò.

Àpẹẹrẹ

Agbo ilé Yorùbá ti ń fi ọ̀dẹ̀dẹ̀ yí àgbàlá ká tipẹ́. Ní Yunifásítì Ìbàdàn, tí a dá sílẹ̀ ní 1948, àwọn ayàwòrán ilé Maxwell Fry àti Jane Drew lo ògiri oníhò tó ń dí oòrùn, tí kò sì dí atẹ́gùn.

Ohun tó yẹ ní ṣíṣọ́

Ìbòòji tó pọ̀ jù a máa sọ yàrá di òkùnkùn, a ó wá máa tan iná lọ́sàn-án. Inú pláànù ló ti yẹ kí a ro ìbòòji mọ́ ilé. Ẹni tó gbin máńgòrò sí ìwọ̀-oòrùn lọ́jọ́ tó fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀ ti rí ìbòòji tó ń fa kábọ́ọ̀nù mu bó ṣe ń dàgbà.