Àká tí a Kọ́ Fúnra Ẹni: Ìtàn Ìpamọ́ Àkọsílẹ̀ Kọ̀ǹpútà

Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti bá ẹlòmíràn kọ ìwé kan pọ̀ rí ti mọ ìṣòro yìí. Ẹni kìíní tún ìlà kan ṣe ní òwúrọ̀, ẹni kejì pa ìlà náà rẹ́ ní alẹ́. Nígbà tí yóò bá fi di ọ̀sẹ̀ kejì, kò sí ẹni tí ó lè sọ èyí tí í ṣe ojúlówó nínú ẹ̀dà mẹ́ta tí ó wà nílẹ̀. Àwọn tí ń kọ ètò fún kọ̀ǹpútà bá irú ìṣòro bẹ́ẹ̀ pàdé. Tiwọn tilẹ̀ le jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé àmì kan ṣoṣo tí ó bá ṣì nípò lè dá gbogbo iṣẹ́ dúró. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún tí wọ́n ti ń wá àká tí wọn yóò máa kó gbogbo ẹ̀dà iṣẹ́ wọn sí, kí a lè mọ ẹni tí ó yí nǹkan padà, ọjọ́ tí ó yí i padà, àti ìdí tí ó fi ṣe bẹ́ẹ̀. Bí àká náà yóò ti rí ni a kọ́kọ́ yanjú. Ilé ẹni tí yóò wà, àti ẹni tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ yóò wà lọ́wọ́ rẹ̀, ni kò tí ì yanjú.

Ní ọdún 1972, Marc Rochkind kọ ètò tí a ń pè ní SCCS ní Bell Labs ní Amẹ́ríkà. Ètò yìí kì í tọ́jú odindi ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin ẹ̀dà kan àti èkejì ni ó ń pa mọ́, nítorí pé àyè ìpamọ́ wọ́n gógó lórí kọ̀ǹpútà ìgbà náà. Ní ọdún 1982, Walter Tichy ti Yunifásítì Purdue gbé èyí tí ń jẹ́ RCS jáde. Òfin kan náà ni àwọn méjèèjì ń tẹ̀ lé: ẹni tí ó bá fẹ́ tún ìwé ṣe ní láti kọ́kọ́ tì í pa, kí ẹlòmíràn má lè fọwọ́ kàn án títí yóò fi dá a padà. Bí ẹni náà bá gbàgbé tí ó sì lọ sí ilé rẹ̀, àwọn yòókù a káwọ́ lẹ́rán.

Òfin yìí ni kò bá Dick Grune lára mu ní Vrije Universiteit ní Amsterdam. Òun àti akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ méjì ni wọ́n jọ ń ṣe iṣẹ́ kan. Akẹ́kọ̀ọ́ kan ń wá ní àkókò iṣẹ́ bí gbogbo ènìyàn, èkejì ń wá nígbà tí ó bá wù ú, Grune fúnra rẹ̀ kò sì ráyè àfi ní ìrọ̀lẹ́. Ó wá ṣe ètò tí ó fún olúkúlùkù ní ẹ̀dà tirẹ̀, tí yóò sì pa iṣẹ́ gbogbo wọn pọ̀ nígbà tí wọ́n bá dá a padà. Bí ẹni méjì bá fọwọ́ kan ìlà kan náà, ẹ̀rọ yóò dúró, yóò sì ní kí wọ́n lọ parí rẹ̀ láàrin ara wọn. Èyí ni CVS, tí Grune gbé síta ní ọdún 1986, tí Brian Berliner sì tún kọ ní ọdún 1989.

Ìlà ni ẹ̀rọ ń fi wé ìlà, ọ̀rọ̀ yìí sì kan ẹni tí ń kọ èdè Yorùbá ju bí ó ti lè rò lọ. Lẹ́tà ẹ tí ó ní àmì ohùn òkè lórí kò ní àyè kan ṣoṣo tirẹ̀ nínú Unicode, àkójọ àmì tí gbogbo kọ̀ǹpútà ń lò. Ẹnìkan lè tẹ ẹ, kí ó wá fi àmì ohùn lé e. Ẹlòmíràn lè tẹ é, kí ó wá fi àmì sí i nísàlẹ̀. Ojú kò rí ìyàtọ̀ kankan, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ yóò kéde pé ìlà ti yí padà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìwé tí a kọ ní Kétu pẹ̀lú ɛ, ɔ, sh àti kp, gẹ́gẹ́ bí álífábẹ́ẹ̀tì orílẹ̀-èdè Benin, yóò ṣe yàtọ̀ lójú ẹ̀rọ sí èyí tí a kọ ní Ìbàdàn pẹ̀lú ẹ, ọ, ṣ àti p. Ẹgbẹ́ tí ó bá fẹ́ tọ́jú àkójọ ọ̀rọ̀ lọ́nà yìí ní láti fẹnu kò lórí ọ̀nà kan ṣoṣo láti tẹ lẹ́tà kí ìlà àkọ́kọ́ tó wọ inú àká.

Fún ìgbà pípẹ́, àwọn ará ilé nìkan ni ó ń rí inú àká. Ní ọdún 1995, Theo de Raadt àti àwọn tí wọ́n jọ dá OpenBSD sílẹ̀ ṣí àká CVS wọn fún gbogbo ayé láti kà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kò pẹ́ tí Bill Fenner fi kọ CVSweb, tí ó mú kí ènìyàn lè ka àká láti ojú-ewé íntánẹ́ẹ̀tì. Báyìí ni àká ṣe ní ilẹ̀kùn méjì: ọ̀kan fún àwọn tí ń kà, ọ̀kan fún àwọn tí ń kọ. Subversion, tí ilé-iṣẹ́ CollabNet bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2000, mú kí ọ̀nà íntánẹ́ẹ̀tì kan náà lè wà fún kíkà àti kíkọ. Ìrọ̀rùn ńlá ni. Ewu sì wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú, bí a óò ti rí i.

Ní àkókò yìí, àwọn tí ń kọ Linux ń gbé inú ilé onílé. Láti ọdún 2002 ni wọ́n ti ń lo BitKeeper, ètò ilé-iṣẹ́ Larry McVoy, láìsan owó. Nígbà tí Andrew Tridgell gbìyànjú láti kọ ètò mìíràn tí yóò lè bá a sọ̀rọ̀, McVoy gba àyè náà padà ní oṣù kẹrin ọdún 2005. Ní ọjọ́ 3 oṣù náà Linus Torvalds bẹ̀rẹ̀ sí kọ Git. Nígbà tí yóò fi di ọjọ́ 7, Git ti ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ara rẹ̀. Ní oṣù keje, Junio Hamano gba àbójútó rẹ̀. Nínú Git, ẹ̀dà tí ó wà lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan ní gbogbo ìtàn iṣẹ́ náà nínú. A sì ń ṣírò orúkọ àtúnṣe kọ̀ọ̀kan láti inú ohun tí ó wà nínú rẹ̀ àti orúkọ èyí tí ó ṣáájú rẹ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí ó bá fọwọ́ kan ti àtijọ́ yóò da orúkọ gbogbo èyí tí ó tẹ̀ lé e rú.

Ohun tí èyí já sí hàn ní oṣù kẹjọ ọdún 2011, nígbà tí a rí i pé olè ti wọ kernel.org, ilé tí àká Linux wà. Wọ́n ti ilé náà fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, Torvalds sì gbé iṣẹ́ rẹ̀ sí GitHub fún ìgbà díẹ̀. Ìtàn iṣẹ́ náà kò sọnù, nítorí pé odindi rẹ̀ wà lọ́wọ́ àìmọye ènìyàn. Ṣáájú ìgbà náà, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn ni ó lè wọ inú kọ̀ǹpútà náà gan-an. Nígbà tí wọ́n tún ṣí i, wọ́n fi gitolite ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, ètò tí Sitaram Chamarty kọ ní Íńdíà. Olúkúlùkù òǹkọ̀wé ń ṣe kọ́kọ́rọ́ alápá méjì, ó ń tọ́jú apá àṣírí sọ́wọ́, ó sì ń fi apá kejì sílẹ̀ fún olùtọ́jú àká. Ẹni tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ bá bá ìwé orúkọ mu lè kó nǹkan sí àká tàbí kó nǹkan jáde. Kò lè ṣe ohun mìíràn nínú ilé náà.

Àwọn tí ń tọ́jú PHP, èdè tí a fi ń kọ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ojú-ewé íntánẹ́ẹ̀tì, ní gitolite bákan náà ní git.php.net. Síbẹ̀, ní ọjọ́ 28 oṣù kẹta ọdún 2021, àtúnṣe méjì wọ àká wọn, ọ̀kan ní orúkọ Rasmus Lerdorf tí ó dá èdè náà sílẹ̀, èkejì ní orúkọ Nikita Popov. Àlàyé tí ó wà lórí èyí àkọ́kọ́ ni pé àṣìkọ kan ni a tún ṣe. Ohun tí ó wà nínú rẹ̀ ni ọ̀nà ẹ̀yìn tí àjèjì lè gbà pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn. Àwọn tí ń ka àtúnṣe bí ó ti ń wọlé ni ó rí i, wọ́n sì yọ ọ́ kí ẹ̀dà kankan tó jáde fún aráyé. Ní ọjọ́ náà gan-an ni Popov kéde pé àwọn yóò kúrò nínú ilé ara àwọn lọ sí GitHub.

Ìwádìí tí ó tẹ̀ lé e fi hàn pé wọn kò gba ọ̀dọ̀ gitolite wọlé rárá. Git.php.net tún gba ènìyàn láàyè láti kọ nǹkan sí àká láti ọ̀nà íntánẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú ọ̀rọ̀ aṣínà, ọ̀nà yìí kò sì kọjá lọ́dọ̀ ẹ̀ṣọ́. Popov fúnra rẹ̀ sọ pé òun kò mọ̀ nígbà náà pé ilẹ̀kùn yẹn wà. Àkọsílẹ̀ ìwọlé fi hàn pé àwọn olè kàn méfò orúkọ ní ìgbà díẹ̀ kí wọ́n tó wọlé. Nítorí náà ni wọ́n ṣe fura pé ìwé orúkọ àti ọ̀rọ̀ aṣínà ti bọ́ sí ìta. Wọ́n yí gbogbo ọ̀rọ̀ aṣínà padà, wọ́n sì gbé ètò náà sórí kọ̀ǹpútà tuntun.

Àwọn kan ka ìtàn yìí sí ẹ̀rí pé kò yẹ kí ẹgbẹ́ kankan ní àká tirẹ̀ mọ́. Ìdájọ́ náà ti yá jù. Ilẹ̀kùn tí a gbàgbé ni ó ṣe ìjàǹbá, kì í ṣe pé ilé jẹ́ ti ara ẹni. Ilé onílé pẹ̀lú ní tirẹ̀: Google Code ṣí ní ọdún 2006, ó ti ilẹ̀kùn ní ọdún 2016; Gitorious parẹ́ ní ọdún 2015; ní ọdún 2019, GitHub dín àyè kù fún àwọn tí ń gbé ní Iran, Síríà àti Crimea nítorí òfin Amẹ́ríkà. Ní ti ẹ̀gbẹ́ kejì, òtítọ́ ni pé ilé ara ẹni ń fẹ́ ẹni tí yóò máa gbá a, tí yóò máa yọ orúkọ ẹni tí ó ti lọ, ọwọ́ tí ó wà fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní PHP kò sì tó.

Debian àti GNOME kó àká wọn lọ sórí GitLab tí wọ́n gbé ka kọ̀ǹpútà tiwọn ní ọdún 2018. Fún ẹgbẹ́ kékeré, Gitea wà láti ọdún 2016, Forgejo sì ya kúrò lára rẹ̀ ní ọdún 2022. Àwọn méjèèjì lè ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà tí kò tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ìwé orúkọ kan ṣoṣo ni wọ́n fi ń ṣọ́ ilẹ̀kùn kọ́kọ́rọ́ àti ilẹ̀kùn íntánẹ́ẹ̀tì, ẹni tí ń tọ́jú rẹ̀ sì lè pa ọ̀nà ọ̀rọ̀ aṣínà tì bí ó bá fẹ́.